Láàárín Òkun àti Ọ̀sà: Orí Kẹ̀kẹ́ Láti Kútọnù Dé Aného

Etíkun Benin kò gùn. Láti ẹnubodè Nàìjíríà ní Sèmè títí dé ti Togo ní Hillacondji, nǹkan bí 120 kìlómítà ni gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì lè sá a tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ẹni tó bá sá a bẹ́ẹ̀ kò tíì rí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ dà bí okùn tí wọ́n nà sáàárín omi méjì: òkun wà lọ́wọ́ òsì ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ọ̀sà wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Lórí ilẹ̀ tóóró yìí ni wọ́n ti ń pẹja, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se iyọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó àwọn èèyàn wa lọ sókè òkun, ibẹ̀ náà sì ni omi ti ń gba ilé lọ́wọ́ ọmọ onílé lójoojúmọ́. Èmi àti àbúrò mi yan kẹ̀kẹ́, nítorí pé ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè kí ẹni tó bá pàdé, kó sì dúró gbọ́ èsì.

Ẹrù wa kò pọ̀: àgọ́ kan tó gba ẹni méjì, ẹní, ìkòkò kékeré, gààrí, ike omi, túùbù àti páǹpù. A dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, a sì gbéra ní Fidjrossè, lápá ìwọ̀-oòrùn Kútọnù, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Oṣù Kejì ni, ọyẹ́ ti ń lọ. Afẹ́fẹ́ ló jẹ́ ká tètè jáde. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ òkun ti máa ń fẹ́ ní gbogbo etíkun yìí, ojú ẹni tó ń lọ sí Togo ló sì ń bá. Ó máa ń rọ̀ láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, ẹsẹ̀ á máa yí, kẹ̀kẹ́ kò ní fẹ́ kúrò lójú kan.

Route des Pêches ni wọ́n ń pe ọ̀nà tó lọ láti ibẹ̀ dé Ouidah, ìyẹn ọ̀nà àwọn apẹja, nǹkan bí 40 kìlómítà. Yanrìn ni gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti da ọ̀dà sí i báyìí, ilé ìgbafẹ́ sì ti ń tò lẹ́bàá rẹ̀. Táyà wa gbádùn ọ̀dà náà, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti dára, ilẹ̀ á gbówó lórí, bẹ́ẹ̀ sì ni apẹja kò lè gbé ilé rẹ̀ jìnnà sí ọkọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn Togbin, a bá àwọn tó ń fa àwọ̀n. Ọkọ̀ kan á ti gbé àwọ̀n ńlá wọ inú òkun, á fi yí omi ká, á wá fi orí okùn méjèèjì sílẹ̀ fún àwọn tó wà létí omi. Ọ̀wọ́ méjì ló ń fà á. Wọ́n máa ń jìnnà síra lákọ̀ọ́kọ́. Bí àwọ̀n bá ṣe ń súnmọ́ ilẹ̀ ni àwọn náà ń súnmọ́ ara wọn. Tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà. Ẹnì kan ń lu agogo, àwọn yòókù ń gbe orin, gbogbo gìgísẹ̀ ń rì sínú yanrìn lẹ́ẹ̀kan náà. A fi kẹ̀kẹ́ lélẹ̀, a di okùn mú. Ó tutù, yanrìn kún ara rẹ̀, ó sì ń họ àtẹ́lẹwọ́. A fà á títí oòrùn fi ga kí ìdí àwọ̀n tó yọ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó owó iṣẹ́ gbogbo ọwọ́ yẹn: ẹja wẹ́wẹ́, akàn díẹ̀, ọ̀rá àti ike omi lóríṣiríṣi. Síbẹ̀, bàbá tó ń darí wọn ṣa ẹja méjì sọ́tọ̀ fún wa. Ó ti pẹja ní Àgbádárìgì rí, ó gbọ́ Yorùbá. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kó wà, ẹja ò pọ̀ lónìí.” Wọ́n ní, “Ṣé ẹ̀yin náà kọ́ lẹ fà á ni?” Bí a ṣe gbà á nìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ náà, a sun ẹja wa ní Avlékété. A kì í pàgọ́ sílùú onílùú láìtọrọ àyè, nítorí náà a kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀, a mú ìgò ọtí sódábì kan dání. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe fún wa: ká má pàgọ́ sábẹ́ igi àgbọn. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ kí àgbọn já lulẹ̀ gbì lóru.

Ní etí òkun Ouidah, ẹnu ọ̀nà ńlá kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1995, Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀, ní òpin ọ̀nà bíi kìlómítà mẹ́rin tí wọ́n ń da àwọn ẹrú gbà láti ìgboro wá sínú ọkọ̀. Mo ti rí àwòrán rẹ̀ tipẹ́. Àwòrán kò sọ fúnni pé ìgbì ibẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀, pé ọkọ̀ ńlá kò lè súnmọ́ èbúté, pé ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi ń gba àárín ìgbì yẹn kó àwọn ẹni tí wọ́n dè lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ lọ bá a lójú agbami. Ibí yìí ni wọ́n ti kó Oluale Kossola ní 1860, ọmọ Yorùbá láti apá Bantè, sínú ọkọ̀ Clotilda pẹ̀lú nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn mìíràn. Òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti 1808. Wọ́n jí wọn kó dé Alabama ni. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá ìlú Africatown sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì wà láàyè títí di 1935. Bàbá bàbá mi ti lọ́mọ nígbà náà. Àbúrò mi jókòó sórí yanrìn, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, èmi náà kò dà á láàmú.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Djègbadji, níbi tí àwọn obìnrin ti ń se iyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n á ha ojú ilẹ̀ etí ọ̀sà tí iyọ̀ ti gbẹ mọ́, wọ́n á kó erùpẹ̀ náà sínú agbọ̀n ńlá, wọ́n á máa bu omi sí i kó lè ro. Omi tó ń ro yẹn ni wọ́n ń sè. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá,” ni mo wí, ọmọ wọn tó ń tajà lọ́jà Dantokpa sì ń túmọ̀ fún wa. Màmá ju ẹyìn kan sínú omi náà; ó léfòó. Wọ́n ní bó bá rì, iyọ̀ inú rẹ̀ kò tíì tó gbé ka iná. Nínú ahéré, èéfín ta wá lójú, iyọ̀ funfun sì ń dì létí ìkòkò. Igi ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, igi ẹ̀gbà inú ẹrẹ̀ ọ̀sà ni wọ́n ń gé dáná. Igi yìí kan náà ni ẹja ń yé sí ìdí rẹ̀, òun ló sì ń di bèbè mú. Ọmọ wọn ní igi àgbọn àti imọ̀ ọ̀pẹ ni àwọn ń wá báyìí, ó sì ń jẹ owó.

Ọ̀dà tán lẹ́yìn ibẹ̀. Yanrìn gbé táyà mì, ẹ̀gún lu túùbù mi, a lẹ̀ ẹ́, a sì ti kẹ̀kẹ́ dé Djondji. Níbẹ̀ ni odò Mono ti ń pàdé òkun, ní Bouche du Roy, ẹnu odò náà kì í sì í dúró sójú kan. Ọlọ́kọ̀ kan gbé wa sọdá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wa, ó ń fi ọ̀pá tì í gba àárín igi ẹ̀gbà kọjá. Ó fi ibi tí Sángbétò, òrìṣà tó ń ṣọ́ ìlú, ti fòfin de igi gígé hàn wá. Ará Àgbádárìgì mọ Sángbétò dáadáa. Ẹni tó bá gé igi níbẹ̀, òrìṣà ló bá jà. Mo rò pé òfin yìí lágbára ju èyí tí ìjọba lè kọ sára pátákó lọ, nítorí gbogbo ìlú ló ń ṣọ́ ọ.

Ní Grand-Popo, inú mi dùn láti pa àgọ́ sílẹ̀ Olúpópó, ọba àwọn Pópó, tí Samuel Johnson kà mọ́ àwọn ọmọ-ọmọ Odùduwà nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ ní 1921. Àmọ́ òkun ti gbé púpọ̀ nínú ìlú àtijọ́ náà lọ. Ó sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Aného, ní Togo, ní ìkọjá ẹnubodè, níbi tí ògiri yàrá tí wọ́n ti ń sùn tẹ́lẹ̀ ti wà lẹ́nu ìgbì. Yanrìn tó gbé etíkun yìí ró kì í ṣe ti ibẹ̀. Odò ló ń kó o wá, ìgbì ló ń tì í láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Ghana sé odò Volta mọ́ ní Akosombo ní 1965. Togo kọ́ èbúté Lomé, tó dínà yanrìn, ní apá ìparí àwọn ọdún 1960. Wọ́n tún sé Mono mọ́ ní Nangbéto ní 1987. Iná mànàmáná dé ìlú ńlá, èbúté ń pawó wọlé, àwọn ará etíkun bí ọmọ Aného ló sì ń san án. Ẹ̀tọ́ wọn ni kí àwọn tó jèrè bá wọn gbé e, kì í ṣe kí wọ́n kàn da òkúta síwájú ilé ìtura nìkan.

Obìnrin kan tó ń ta àkàsà àti ẹja díndín níbẹ̀ nawọ́ sí ojú omi, ó fi ibi tí ilé bàbá wọn wà hàn wá. Ọkọ̀ ìpẹja kan ń kọjá lórí rẹ̀. Ó ní àwọn ti kó lẹ́ẹ̀mejì, àwọn sì ti ra ilẹ̀ mìíràn sí ẹ̀yìn ọ̀sà.