Ajá Ààfin tí Wọ́n Sọ ní Ìkógun

Nígbà èwe mi, Ẹ̀yìnlàárò ni orúkọ ajá tí ó wà ní ilé bàbá mi àgbà. Gbogbo àdúgbò ni ó mọ̀ pé kì í ṣe ajá náà ni orúkọ ọ̀hún ń bá wí. Bí bàbá bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ké pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn a mọ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwa Yorùbá ti ń fi orúkọ ajá pòwe.

Ìdí nìyí tí orúkọ ajá kan tí mo kà nípa rẹ̀ ní yunifásítì kò fi kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Victoria, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ni ajá náà. Looty ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin ìyá àti ìyàwó ilé tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí a bá tú orúkọ náà sí èdè wa, “Ìkógun” ni.

Ìran ajá tí à ń pè ní Pekingese ni Looty. Wọn kì í sábà wúwo ju nǹkan bíi kílò 5 lọ. Irun ọrùn wọn pọ̀ bí ti kìnnìún, ojú wọn tóbi, imú wọn sì tẹ́ bí ẹni pé a fi àtẹ́lẹwọ́ tì í wọlé. Àwọn ará Ṣáínà a máa pa àlọ́ pé kìnnìún kan fẹ́ràn ọ̀bọ kan, ṣùgbọ́n ìtóbi rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè fẹ́ ara wọn. Ó bẹ Búdà títí ó fi sọ ọ́ di kékeré, ṣùgbọ́n tí ó fi ọkàn kìnnìún sílẹ̀ fún un. Ọmọ tí àwọn méjèèjì bí ni ajá yìí. Àlọ́ ni o, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti rí bí Pekingese ti ń gbójú mọ́ ajá ńlá yóò gbà pé ẹni tí ó pa á mọ ohun tí ó ń wí. Pé ìran náà ti pẹ́ kì í ṣe àlọ́ ní tirẹ̀: ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi àbùdá ìran ajá 85 wéra, wọ́n sì rí i pé Pekingese wà lára àwọn tí ó sún mọ́ ìkookò jù lọ.

Ní ààfin olú-ọba ní Beijing, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Peking nígbà náà, àwọn ìwẹ̀fà ni ó ń tọ́jú àwọn ajá wọ̀nyí. Àwọn tí ó kéré jù lọ a máa wà nínú apá ẹ̀wù àwọn ọlọ́lá, tí ó fẹ̀ bí ti agbádá.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1860, nígbà ogun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń bá Ṣáínà jà nítorí òwò àti ọ̀ràn opium, àwọn ọmọ ogun wọ Yuanmingyuan, ààfin ńlá tí ó wà lẹ́yìn odi Beijing. Olú-ọba Xianfeng ti sá lọ. Wọ́n kó aṣọ ṣẹ́dà, wúrà àti tánganran. Nígbà tí ó di mímọ̀ pé àwọn kan nínú ènìyàn wọn ti kú sí àhámọ́ àwọn ará Ṣáínà, Lord Elgin, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, pàṣẹ pé kí wọ́n dáná sun ààfin náà. Ajá kékeré 5 ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ òkú obìnrin ìdílé ọba kan, tí ó pa ara rẹ̀ kí ọ̀tá má baà mú un, ni àwọn ajá náà wà.

Ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Dunne mú ọ̀kan wá fún ọbabìnrin. Ní ọdún 1861, Keyl ya àwòrán rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1872. Àwọn tí ó kù di ti àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé kò sí òwe nínú orúkọ Looty. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ti ń sọ bèbí rẹ̀ lórúkọ. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí wọ́n kó ní ààfin Ọba Bìní ní ọdún 1897 yóò mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Pekingese di ajá ọlọ́rọ̀ káàkiri. Ìyá-ọba Cixi fi ọ̀kan ta Alice Roosevelt, ọmọ ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ́rẹ ní ọdún 1905. Nígbà tí ọkọ̀ Titanic rì ní ọdún 1912, ènìyàn tí ó ju 1,500 lọ ni ó kú, ṣùgbọ́n Pekingese kan wà lára ajá mẹ́ta tí ó yè.

Bí ẹ bá wo àwòrán Looty, imú rẹ̀ ṣì yọ síta díẹ̀. Àwọn tí ń sin ajá fún ìdíje ni ó ń yan èyí tí imú rẹ̀ tẹ́ jù láti ìran dé ìran, títí mímí fi di iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí ojú wọn sì ń tètè fara gbọgbẹ́. Ní ọdún 2008, lẹ́yìn tí tẹlifíṣọ̀n BBC fi ìyà àwọn ajá bẹ́ẹ̀ hàn, ẹgbẹ́ Kennel Club ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí òfin rẹ̀ padà pé imú wọn gbọ́dọ̀ hàn.

Ní èṣí, ọ̀kan nínú àwọn tí mò ń kọ́ ní ìmọ̀ ìtọ́jú ilé, abiyamọ ni, bi mí bóyá kí òun ra irú ajá yìí fún ọmọ òun ní Èkó. Mo sọ fún un pé ajá kì í làágùn bí àwa. Ẹnu àti imú ni ó fi ń tu ooru ara rẹ̀, èyí tí imú rẹ̀ bá sì ti tẹ́ jù lè dákú nínú oòrùn ọ̀sán wa. Kí ó máa mú un jáde ní kùtùkùtù nìkan, kí ó sì máa fi aṣọ tútù nu àárín ìṣẹ́po ojú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó san kọ́bọ̀, kí ó gbé ajá náà sún mọ́ etí, kí ó fetí sí bí ó ti ń mí.