Sí Àbúrò Mi ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àwọn Àgùdà

Iléṣà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lálẹ́ Sátidé kí Sísítà tó gba fóònù rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ. O ní kí a wá mú ọ kúrò níbẹ̀. O ní gbogbo wọn ló mọ ìgbà tí wọ́n ń kúnlẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń dìde ní Míísà, ìwọ nìkan lò ń wo ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú. O ní wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, Aládùúrà. Màmá ti fẹ́ wọ mọ́tò Òṣogbo wá bá ọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ̀wé ná.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ahọ́n Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n fi ń ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́ kúrò nílẹ̀. Láti Ìpólé, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí, ni Laróòyè tó tẹ Òṣogbo dó ti gbéra, omi ló ń wá. Ẹni tó bá tún sín ọ jẹ, sọ fún un pé àwọn bàbá rẹ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Má wulẹ̀ fi kún un pé Ọ̀ṣun ló bá wọn pín ilẹ̀ náà o, Sísítà lè máa gbọ́.

Ti ìkúnlẹ̀ ló ṣòro díẹ̀. Láti ìgbà ìsọjí Bàbá Babalọlá ní Òkè Ooyè ní 1930 ni ilé wa ti ń fi àtẹ́wọ́ àti ìlù gbàdúrà, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rí. Ṣùgbọ́n àwọn tí o rò pé wọ́n bí ìsìn náà mọ́ yẹn, bí bàbá bàbá wọn bá jẹ́ Àgùdà, inú èdè tí kò gbọ́ ló ti ń sìn. Látìn ni Fadá fi ń ṣe Míísà, ó ń kọ ẹ̀yìn sí ìjọ, títí àwọn bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé fi ṣe ìpàdé ní Vatican láti 1962 sí 1965. Ẹ̀yìn ìpàdé yẹn ni Yorùbá ráyè dé ibi pẹpẹ, tí gángan sì tẹ̀ lé e. Àwọn náà ti wo ẹsẹ̀ ẹni iwájú rí, ó sì pẹ́ jù tìrẹ lọ.

Kódà, kí Fadá kankan tó fi Èkó ṣe ilé ni àwọn Àgùdà ti wà níbẹ̀. Àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ní Brazil tí wọ́n padà wálé ni. Ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà. Ọdún 1868 ni àwọn Fadá míṣọ́nnárì SMA tó wá jókòó tì wọ́n. Èèyàn ló ṣáájú, ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń ṣe é tẹ̀ lé e.

Ẹni tí mo fẹ́ kí o fọkàn sí jù ni Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí kan náà. Ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, Mùsùlùmí sì ni. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti ẹnì kejì rẹ̀ dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, kí àwọn oníṣẹ́ ọnà Yorùbá lè máa ṣe iṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Ibẹ̀ ni Lamidi lọ kọ́ṣẹ́ sí i lọ́wọ́ Bándélé, ọmọ Aréògún. Màríà, Jósẹ́fù, àwọn ọba tó wá kí Jésù ọmọ tuntun, wọ́n gbẹ́ gbogbo wọn bí ẹni pé ààfin ilẹ̀ wa ni wọ́n ti jáde. Lamidi kò torí iṣẹ́ náà di Àgùdà. Ìgbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tí igi ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, òun ni wọ́n ń wá. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, inú rẹ̀ náà ni àwọn tó mọ ìgbà ìkúnlẹ̀ ń gbà wọlé.

Èmi náà, agogo ló sọ mí di ọmọ ilé-ìwé tèmi. Kì í ṣe agogo gidi o, rìmù ọkọ̀ akẹ́rù tó ti dógùn-ún ni, tí wọ́n fi wáyà so mọ́ igi máńgòrò, ọ̀pá irin kúkúrú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀sán ganrínganrín ni a ń lù ú fún Áńgẹ́lọ́ọ̀sì, àdúrà àwọn Àgùdà: ẹ̀ẹ̀mẹta, kí o dúró kí wọ́n gba àdúrà, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí o dúró, ẹ̀ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà mẹ́sàn-án léraléra. Bí o bá kánjú, àdúrà á dàrú mọ́ gbogbo ilé-ìwé lẹ́nu. N kò mọ ìdajì àdúrà yẹn nígbà tí wọ́n fún mi ní ọ̀pá náà, mo kàn ń wo ètè olùkọ́ tó dúró ní fàrándà. Lọ́jọ́ tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, agogo kò dún, oúnjẹ ọ̀sán kò bọ́ sí àkókò, títí dórí àwọn ìyá kíṣìnnì ni wọ́n ń bèèrè pé ibo ni mo wà. Ọ̀kan nínú wọn fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá bá mi. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìjọ tí mò ń lọ.

N kò ní tàn ọ́, ilé-ìwé kékeré ní ìnira tirẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí ọ̀gá ilé-ìwé ń sọ pé “ẹbí kan ni gbogbo wa”, etí mi máa ń nà, torí ìwọ náà mọ ohun tí ẹbí lè fojú ẹni rí. Níbi tí gbogbo yín kò ti pọ̀, ìjà àárọ̀ ti di ọ̀rọ̀ gbogbo hóstẹ̀ẹ̀lì kó tó di alẹ́, orúkọ ìnagijẹ kì í sì í tètè bọ́ lára. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà ni èèyàn kò ti lè sọnù sínú èrò. Bí àwọn èèyàn ṣe ń di ara ilé-ìwé kan mú tiẹ̀ máa ń yà mí lẹ́nu. Nígbà tí ìjọba Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá fi yúnífọ́ọ̀mù kan ṣoṣo wọ gbogbo ilé-ìwé ìjọba ní Ọ̀ṣun, tí wọ́n sì da àwọn kan pọ̀, àwọn àgbà tó ti ní ọmọ-ọmọ ń bínú bí ẹni tí wọ́n já ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gbà. Ní 2020 ni ìjọba Oyètọ́lá tó gbapò rẹ̀ dá orúkọ àti aṣọ àtijọ́ padà. Kì í ṣe torí aṣọ ni àwọn àgbà yẹn ṣe bínú.

Nítorí náà, wá iṣẹ́ kan dì mú. Má lọ sínú ẹgbẹ́ akọrin láti kọrin, àwọn tó fẹ́ kí a rí wọn ti kún ibẹ̀. Ṣé ìwọ náà lo sọ fún mi pé gángan kan wà lẹ́yìn akọrin tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lù, àfi ọmọ kan tó ń gbá a bí ẹni gbá agolo? Ta ló tọ́ sí ju ọmọ tó ń ti ìṣọ́ òru bọ̀ nílé wa? Lọ bá Sísítà, kí o wólẹ̀ kí i dáadáa, kí o ní kó jẹ́ kí o dán an wò ní ìgbáradì ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jẹ́ kí Aládùúrà lù ú fún wọn. Èèyàn kì í sì í kúnlẹ̀ nídìí ìlù, ìyẹn á dín wàhálà rẹ kù.

Bí tààmù bá parí tí o ṣì fẹ́ kúrò, a ó mú ọ kúrò, n kò ní bá ọ jà, mo sì ti bá Màmá sọ ọ́. Àmọ́ wọn ń bọ̀ ní ọjọ́ àbẹ̀wò, iyán ni wọ́n sì fẹ́ gún. Fi iye àwọn tó wà ní yàrá rẹ ránṣẹ́, àti ẹni tí kì í jẹ ẹja nínú wọn. O mọ Màmá, wọn kò ní gbà láti gbé iyán ẹnì kan ṣoṣo dé Òṣogbo.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.