Ilé Ìlú Siena àti Àwòrán Ara Ògiri Rẹ̀

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn kan ti ń wí pé kí a sáà mọ ògiri, kí a kan páànù, ó parí; pé owó tí a bá ná lé ẹwà, òfò ni. Ọ̀rọ̀ náà ni ó mú wa rántí ilé kan ní ilẹ̀ Ítálì, èyí tí a ti kà nípa rẹ̀, tí a sì ti wo àwòrán rẹ̀ títí.

Siena ni orúkọ ìlú náà. Láti 1287 títí di 1355, ọkùnrin mẹ́sàn-án ni ó ń ṣe àkóso rẹ̀. Oníṣòwò àti ayánilówó ni púpọ̀ nínú wọn. Wọn kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ìdílé ọlọ́lá bá wọn jókòó. Oṣù méjì péré ni àwọn mẹ́sàn-án kan ń lò kí àwọn mìíràn tó gbà á lọ́wọ́ wọn, inú ilé ìlú náà ni wọ́n sì ń gbé ní gbogbo àkókò yìí, wọn kì í sùn lọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ. Ẹ̀yin tí ìpàdé Ẹgbẹ́ ń pẹ́ lójú yín, ẹ gbọ́ o!

Nǹkan bí 1297 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé náà. Òkúta ni ìsàlẹ̀, bíríkì pupa ni òkè. Ó kọjú sí gbàgede ńlá kan tí wọ́n fi ìlà pín sí ọ̀nà mẹ́sàn-án. Láàárín 1338 sí 1348 ni wọ́n kọ́ ilé agogo gogoro sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́: gíga rẹ̀ tó mítà 102, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ju 400 lọ. Ọ̀kan nínú àwọn alágogo ìgbà náà jẹ́ onínàákúnàá, ni àwọn ará ìlú bá sọ ọ́ ní Mangiaguadagni, èyí ni Ajẹ-èrè-tán. Ìnagijẹ yìí ni ilé agogo náà ń jẹ́ di òní: Torre del Mangia.

Ṣùgbọ́n inú ilé ni ọ̀rọ̀ wà. Ní 1315, Simone Martini ya Màríà ìyá Jésù àti àwọn ẹni mímọ́ sí ara ògiri gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀. Ní 1338 sí 1339, Ambrogio Lorenzetti kun ògiri mẹ́ta nínú iyàrá àwọn mẹ́sàn-án náà. Níbẹ̀ ni Ìdájọ́ Òdodo ti jókòó pẹ̀lú òṣùwọ̀n. Okùn ti inú òṣùwọ̀n náà wá dé ọwọ́ Ìrẹ́pọ̀, obìnrin tí ó gbé ìfági káfíńtà lé itan, bí ẹni tí yóò fá gbogbo ènìyàn dọ́gba. Ará ìlú 24 ni ó wá gbá okùn náà mú títí dé ọ̀dọ̀ olórí. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò fi okùn dè wọ́n. Àwọn fúnra wọn ni ó dì í mú.

Lára ògiri kejì, ìlú tí ó tòrò ni: àwọn kan ń jó ní títì, bàtà wà nínú ṣọ́ọ̀bù, olùkọ́ ń kọ́ni, bíríkìlà wà lókè ilé, àgbẹ̀ ń kórè, ẹnì kan sì ń da ẹlẹ́dẹ̀ wọ ìlú. Lókè ẹnubodè ni Ààbò ń fò, ó mú igi tí wọ́n so ọ̀daràn kọ́ lọ́wọ́. Èyí kò dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n ayàwòrán náà kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ògiri kẹta burú. Aninilára oníwo jókòó, wọ́n de Ìdájọ́ Òdodo mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. Ilé ń wó, àwọn ọmọ ogun ń fa obìnrin, alágbẹ̀dẹ ohun ìjà nìkan ni ó ríṣẹ́ ṣe. Àwọn alákòóso fúnra wọn ni ó san owó kí a ya èyí síbi tí wọn yóò ti máa wò ó lójoojúmọ́. Mélòó nínú àwa ìjòyè Ẹgbẹ́ ni yóò gbà bẹ́ẹ̀?

Ní 1348 àjàkálẹ̀ àrùn ńlá dé, ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Siena, Lorenzetti pàápàá sì wà nínú wọn. Ní 1355, àwọn ènìyàn dìde, wọ́n lé àwọn mẹ́sàn-án kúrò, ṣùgbọ́n wọn kò ha àwòrán náà kúrò lára ògiri. Ògiri ìṣèjọba búburú ni ó ti ṣá jù báyìí. Àwọn alákòóso ìlú ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé náà, àlejò sì ń sanwó wọ iyàrá àwòrán. Ní ọjọ́ kejì oṣù Júláì àti ọjọ́ 16 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì lọ́dọọdún, ìdíje ẹṣin ń wáyé ní gbàgede iwájú rẹ̀.