Amọ̀ Tó Gbẹ Sórí Ìkòkò Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Ọmọge kan ń bẹ ní Dada, ní Òkelele, ní Ìlọrin. Ìyá rẹ̀ ń mọ ìkòkò, ìyá ìyá rẹ̀ náà mọ ọ́n. Owó ìkòkò ni wọ́n fi rán an títí tó fi jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Ṣùgbọ́n àlá tirẹ̀, ọ́fíìsì ni, kó jókòó, kí fáànù máa fẹ́ sí i lára. Ó kọ lẹ́tà títí, ọdún méjì yí po, ẹnikẹ́ni ò pè é. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kọjá, á yára nu amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sára ìró, bí ẹni tó jalè.

Ìyá rí i, kò bú u.

Ní Dada, ìkòkò àtijọ́ ni wọ́n ń dojú rẹ̀ dé, wọ́n á tẹ́ amọ̀ tútù lé e, wọ́n á máa gbá a títí á fi gba àwòrán rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ yìí ń ronú lọ, ó gbàgbé amọ̀ tirẹ̀ síbẹ̀. Kó tó bojú wẹ̀yìn, ó ti gbẹ, ó ti sán!

Ìyá ní: "Ṣé o rí i? Amọ̀ tó bá ń gbẹ a máa súnkì. Bó bá pẹ́ jù lórí ìkòkò ìyá rẹ̀, á sán ni. Bí a bá tètè ṣí i, á dá dúró. Mi ò ní kí o gbẹ sórí mi o. Ṣùgbọ́n má ṣe bí ẹni pé o ò ti ibẹ̀ wá."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára. Ó mú ìwé ṣúkúù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye igi ìdáná, iye ìkòkò tó fọ́ nínú iná, iye tí wọ́n tà. Ó rí i pé rọ́bà àti fìríìjì ti gba ọjà àmù, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń wá ìkòkò òdòdó. Àlá rẹ̀ wáá yí padà: ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ létí títì, kó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sára bọ́ọ̀dù. Kò tíì kọ́ ọ o. Owó ò tíì pé. Ṣùgbọ́n kì í nu ọwọ́ mọ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kọjá.

Ẹ wo ẹ̀yìn náírà 20. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀, Ladi Kwali ni. Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ ní abúlé. Ní 1954, ó wọ ilé ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ ní ìlú tí a ń pè ní Suleja lónìí. Amọ̀ yìí ló gbé e dé Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà. Ní 1977, Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ó kú ní 1984, àwòrán rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa.

Gbogbo wa kọ́ ni àwòrán wa máa wà lára owó. Àmọ́ ẹ wo ọwọ́ yín lónìí, ìyá aláṣọ, bàbá télọ̀: kí ni iṣẹ́ yẹn ń bá yín sọ, tí ẹ ò tíì gbọ́?