Àmì 214 Tó Wà Nínú GPS Baba

Àwọn kan nínú yín ń bi mí pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ iná ń wá létí ọ̀sà fún odindi oṣù mẹ́fà I.T. Ìdáhùn rèé.

Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe l'Ékòó ni mo wà. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ti GPS orí ọkọ̀, ẹ̀rọ tó ń ya omi sójú gíláàsì, tó sì ń fi ibi tí ọkọ̀ wà han atukọ̀. Lọ́jọ́ kan, baba kan, ọmọ Ìlàjẹ, gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ojú GPS rẹ̀ ti ń ṣú. Ó ti ra tuntun, ó sì fẹ́ ká tú ti àtijọ́ kúrò kíá, torí ó fẹ́ padà sójú omi lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀gá mi ní ká ṣe sùúrù ná. Ó ṣí ibi tí àmì máa ń wà, a bá 214 níbẹ̀. Ọdún 11 ni Baba fi kó wọn jọ. Ẹ sì mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ọ̀sà kì í dúró sójú kan: yanrìn ń ṣí kiri, àwọn kan ń wa yanrìn, igi ń rì, apẹja ń ri òpó mọ́lẹ̀. Máàpù tó bá ẹ̀rọ wá látilé iṣẹ́ kò mọ ọ̀pọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Baba mọ̀ wọ́n, ó sì ti sọ wọ́n lórúkọ: "Igi Dúdú", "Yanrìn Tuntun", "Má Gba Ibí Lálẹ́". "Àbúrò Mi" ló kọ sára ọ̀kan. Mo bi í pé kí ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Ibẹ̀ ni omi ti gbà á." N ò béèrè mọ́.

A ki káàdì kékeré bọ inú ẹ̀rọ náà, a ní kó kọ gbogbo àmì àti ipa ọ̀nà sínú rẹ̀ ní GPX. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń parí rẹ̀ sí. Ọ̀gá mi ní kí n ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà, kí n kà wọ́n. 214 pé. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ti ṣe backup project yín tẹ́ ẹ ò tíì ṣí i wò rí, ẹ mọ ara yín.)

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Dìgírì àti ìṣẹ́jú ni ojú GPS Baba ń lò, dìgírì nìkan sì ni GPX ń lò. 6°27.5′ lójú ẹ̀rọ, 6.4583 ni nínú fáìlì. Tí ẹnì kan bá fọwọ́ tẹ 6.275 síbẹ̀, àmì náà ti sún tó kìlómítà 20 sí gúúsù. Àmì tó wà nínú ọ̀sà lẹ́bàá Lẹ́kìí á wá bọ́ sínú òkun. Ìdí nìyẹn tí a ò fi fọwọ́ da ẹyọ kan kọ.

Lẹ́yìn náà la so tuntun. Iná rẹ̀ gba fíúùsì kọjá látinú bátìrì, ìyẹn ò le. Rédíò ló gba àsìkò. Bọ́tìnnì pupa kan wà lára rédíò VHF. Tí ewu bá dé, téèyàn sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á fi igbe ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́ lórí ìkànnì 70, pẹ̀lú ibi tí ọkọ̀ wà. Ṣùgbọ́n rédíò Baba kò ní GPS nínú ara rẹ̀. Àfi kí GPS ọkọ̀ sọ fún un. NMEA 0183 ni èdè tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ: wáyà tí GPS fi ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wọ èyí tí rédíò fi ń gbọ́, kí ìyára wọn sì dọ́gba, 4800. Wáyà ti àtijọ́ kò tiẹ̀ kan ara wọn rárá, ẹnì kan ló fi téèpù wé wọn.

Nígbà tí nọ́ńbà yọ lójú rédíò, Baba wò ó títí. "Ọ̀gá, ṣé tí mo bá ti ń tẹ̀ ẹ́ látọjọ́ yìí, wọn ò ní mọ ibi tí mo wà?"

"Wọ́n á gbọ́ igbe yín, Baba. Ibi tí wọ́n máa gbà ni wọn ò ní mọ̀."

Baba jókòó. Ó wá "Àbúrò Mi" lórí ẹ̀rọ tuntun, ó rí i. Káàdì kejì tí a ṣe fún un, ó dì í sínú ọ̀rá, ó ní ìyàwó òun ni yóò máa bá òun tọ́jú rẹ̀ nílé.