Frank Caprio, Adájọ́ Ìlú Providence

Ọdún 1936 ni wọ́n bí Frank Caprio ní Federal Hill, àdúgbò àwọn ará Ítálì ní Providence, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Rhode Island ní Amẹ́ríkà. Antonio, bàbá rẹ̀, ṣí wá láti Ítálì. Ó kiri èso, ó sì gbé mílíìkì kiri ojúlé. Ọmọ náà fọ abọ́, ó dan bàtà fún owó. Nígbà tó jáde ní Providence College, ó di olùkọ́ ní Hope High School lọ́sàn-án, á sì kọrí sí Boston lálẹ́ láti kọ́ òfin ní Suffolk University. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di lọ́yà.

Ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú láti 1962 sí 1968. Ní 1970 ó du ipò agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀, ó fìdí rẹmi. Ọdún 1985 ló di adájọ́ kóòtù ìlú.

Wọn kì í gbọ́ ẹjọ́ apànìyàn níbẹ̀. Ẹni tó gbé mọ́tò síbi tí kò yẹ, ẹni tí kò dúró fún iná pupa, àwọn ni oníbàárà wọn. Ẹjọ́ kékeré ni, àmọ́ ìtanràn kì í kéré lójú ẹni tí kò tíì rí owó ilé san. Ọ̀pọ̀ àlejò tó wà ní Amẹ́ríkà kò sì ní dé iwájú adájọ́ mìíràn títí ayé wọn.

Ìtàn kan wà tí Caprio kì í yé sọ. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ẹjọ́, bàbá rẹ̀ wà nínú kóòtù. Obìnrin kan tí ìtanràn rẹ̀ ti pọ̀ jọ wọlé, ó ń fi ìgbéraga sọ̀rọ̀. Caprio ní kó san gbogbo rẹ̀. Ó rò pé bàbá òun yóò yìn ín ni. Bàbá ní kò ṣe dáadáa rárá: ẹ̀rù ló ń ba obìnrin náà, ó sì láwọn ọmọ tó ń bọ́, ó yẹ kí Caprio bá a sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, “Kí ló dé?” ló máa ń ṣáájú “Eélòó?” lẹ́nu adájọ́ yìí.

Joe, ọmọ ìyá rẹ̀, ló gbé kámẹ́rà wọ kóòtù. Tẹlifíṣọ̀n ìlú ló kọ́kọ́ ń gbé ètò náà, Caught in Providence, jáde. Nígbà tó fi máa di 2017, íntánẹ́ẹ̀tì ti gbé e dé gbogbo ayé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú bàbá ẹni ọdún 96 kan wá sí kóòtù, wọ́n ní ó sáré jù nítòsí ilé ìwé. Bàbá náà ní òun kì í sáré, ọmọ òun ẹni ọdún 63 tó ní jẹjẹrẹ lòun ń gbé lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Caprio tú ẹjọ́ náà ká. Ó tún máa ń pe ọmọdé sókè kó wá dá ẹjọ́ òbí rẹ̀. Ìyẹn jọ eré díẹ̀, kámẹ́rà sì gbádùn rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń dá sílẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ló san nǹkan. Fún aláìní, owó tí àwọn òǹwòran fi ń ránṣẹ́ láti ilẹ̀ òkèèrè wà nínú àpò kan tí wọ́n fi orúkọ ìyá Caprio, Filomena, pè. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san ìtanràn wọn.

Ó fẹ̀yìn tì ní January 2023, ìlú sì fi orúkọ rẹ̀ sọ gbọ̀ngàn kóòtù náà. Ní ìparí ọdún yẹn ló kéde pé òun ní jẹjẹrẹ pancreas. Ó kú ní August 20, 2025, lẹ́ni ọdún 88.