Àdéhùn Òkun ní Ìlú tí Kò Ní Òkun

Àbújá jìnnà sí òkun. Òkè àti àpáta ni ó yí i ká. Ọmọ tí a bí tí a sì tọ́ ní Garki tàbí Gwagwalada lè dàgbà láìgbọ́ ariwo ìgbì rí. Síbẹ̀, ìlú yìí ni Nàìjíríà àti São Tomé òun Príncipe ti jókòó, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2001, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí apá òkun kan tí ó pa wọ́n pọ̀.

Erékùṣù ni São Tomé àti Príncipe. Ọdún 1975 ni wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Potogí, àwọn ènìyàn inú wọn kò sì ju nǹkan bí 200,000 lọ. Ẹja ńlá a máa gbé ẹja kékeré mì. Kí ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín?

Òfin òkun tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fohùn sí ní ọdún 1982 fún orílẹ̀-èdè tí ó bá wà létí òkun ní àṣẹ lórí ẹja àti ohun àlùmọ́nì, títí dé 200 máìlì òkun sí èbúté rẹ̀. Níbi tí omi tí ó wà láàrin orílẹ̀-èdè méjì kò bá ti tó 400 máìlì, àṣẹ ọ̀kan yóò gun orí ti èkejì. Bí ọ̀rọ̀ àwọn méjì yìí ti rí nìyẹn. Dípò kí wọ́n máa jà sí ààlà, wọ́n ní kí àwọn jọ máa lo ibẹ̀: ìdá 60 nínú 100 fún Nàìjíríà, ìdá 40 fún São Tomé. Ọdún 45 ni wọ́n dá fún un, Àbújá ni wọ́n sì fi ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó o sí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iyì ọgbọ́n yìí, kí ó wo Bakassi. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ti kọjú ìjà sí ara wọn kí ẹjọ́ tó dé ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague ní ọdún 1994. Ìdájọ́ jáde ní 2002. Ìfilélẹ̀ parí ní 2008. Láàrin èyí, ọ̀pọ̀ apẹja fi ilé àti ibojì baba wọn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni pínpín, ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú. Wọ́n gbẹ́ kànga epo kan níbẹ̀ ní ọdún 2006. Síbẹ̀, fún ogún ọdún gbáko lẹ́yìn àdéhùn náà, epo títà kò ti ibẹ̀ jáde. Ohun tí ó wà níbẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni ẹja, ẹja kò sì mọ ààlà. Epo tí ó bá dà sómi kò mọ̀ ọ́n. Ajalèlókun mọ̀ ọ́n, ó kàn ń fi í ṣe ibi ìsápamọ́ ni. Nítorí náà ni orílẹ̀-èdè 25 ṣe fohùn ṣọ̀kan ní Yaoundé ní ọdún 2013 láti jọ máa lé olè orí omi. Ohun àjọni, bí olúkúlùkù bá rò pé ẹnìkejì òun ni ó ń ṣọ́ ọ, olè ni yóò kó o.

Ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ní Àbújá kò rí omi. Ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ ojú omi wá oúnjẹ kò rí ìwé. Ọjọ́ tí àǹfààní ìwé bá dé inú àwọ̀n apẹja ni a óò tó mọ̀ pé àdéhùn náà múlẹ̀. Bí ojú bá yẹ ojú, kí ohùn má ṣe yẹ ohùn.